Àwòrán Méjì Nínú Férémù Kan

Ẹ jókòó. Ẹ̀yin méjì tẹ́ ẹ wà nílẹ̀ yẹn, ẹ sún mọ́bí, ohùn mi ò lágbára mọ́. Túnjí bi mí lẹ́ẹ̀kan pé kí ló dé tí àwòrán tó wà lórí ògiri yẹn fi pọ́n bíi tíì, tí etí rẹ̀ sì ti gbó, nígbà tó jẹ́ pé ìyá òun lè fi fóònù ra tuntun kó sì dé ẹnu ọ̀nà lọ́la. Gẹ̀ẹ́sì ló fi bi mí, Yorùbá ni mo máa fi dáhùn. Ẹni tí kò bá gbọ́ kó bi ẹnì kejì rẹ̀. Mi ò sì ní sọ ọ́ kó dùn ju bó ṣe ṣẹlẹ̀ lọ. Èmi kì í ṣe oníròyìn, férémù ni mo máa ń kàn.

Iṣẹ́ gidi ni o, ẹ má rẹ́rìn-ín. Kàdúná ni mo ti ṣe é, lókè ọya, fún ọdún mọ́kàndínlógún, ṣọ́ọ̀bù mi ò sì ju ìdajì ibi tí Kẹ́mi, ìyá Túnjí, ń gbé mọ́tò rẹ̀ sí níbí. Igi á wà ní kọ̀rọ̀ kan, gíláàsì á fẹ̀yìn ti ògiri, èkọ gbígbóná á wà nínú agolo. Èkọ yẹn la fi ń lẹ pépà mọ́ ẹ̀yìn férémù kí eruku má baà ráyè wọlé, àwọn aáyán sì fẹ́ràn rẹ̀ púpọ̀. Oníbàárà lè gbé férémù lọ lónìí, kó gbé e padà lọ́sẹ̀ mẹ́ta pé aáyán ti jẹ ẹ̀yìn rẹ̀ tán, àfi kí n tún un lẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́. Tí mo bá mú ọ̀bẹ gíláàsì báyìí, àwọn tó wà nítòsí á ti fọwọ́ dí etí, torí ìró rẹ̀ máa ń dun èèyàn dé eyín. Ohun kan sì wà tí èmi nìkan ń ṣe ládùúgbò yẹn. Mo máa ń gé agolo mílíìkì sí wẹ́wẹ́ onígun mẹ́ta, màá kàn án mọ́ igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin lẹ́yìn férémù kí igi má baà yà. Ẹ fi ti agolo yẹn sọ́kàn, mo máa padà síbẹ̀.

Àwòrán mímọ́ ni wọ́n ń gbé wá jù. Lẹ́yìn Mísà, àwọn ìyá kan máa ń tẹ́ wọn sórí ẹní níwájú ilé ìjọ Àgùdà: Ọkàn Mímọ́ Jésù, Màríà Wúńdíá tó gbé ọmọ lọ́wọ́, Míkáẹ́lì tó fi ẹsẹ̀ tẹ Sátánì mọ́lẹ̀, Àǹtóníò tí wọ́n ń bẹ̀ tí nǹkan bá sọ nù. Ẹni tó bá ra ọ̀kan kò ní so ó kọ́ lásán, ọ̀dọ̀ mi ni yóò gbà kọjá. Àwọn Mùsùlùmí náà ń wá. Ẹni tó bá lọ sí Mẹ́kà á ká àwòrán Káábà bọ̀ nínú àpótí rẹ̀, á ní kí n bá òun fi gíláàsì bò ó. Igi kan náà ni mo ń lò fún gbogbo wọn, òòlù kan náà, èkọ kan náà. Kò sẹ́ni tó bi mí pé ti ta ni mo kọ́kọ́ kàn láàárọ̀ yẹn.

Alhaji ló wà ní ṣọ́ọ̀bù kejì, télọ̀ ni, ọmọ Ìlọrin. Ògiri kan ló wà láàárín wa, a sì máa ń bá ara wa sọ̀rọ̀ láti ẹ̀yìn rẹ̀ láìrí ojú ara wa. Tó bá dá ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀ dúró láti kírun, èmi náà á gbé òòlù sílẹ̀. Tó bá di ọ̀sán tí aago ìjọ wa dún, tí mo dìde láti kí Màríà, màá gbọ́ tí ẹ̀rọ rẹ̀ dákẹ́. A ò bá ara wa ṣàdéhùn rẹ̀ rí. Ó kàn rí bẹ́ẹ̀ ni, fún ọdún pípẹ́.

Ẹ̀yin ò lè mọ bí a ṣe ń so àwòrán kọ́ nígbà yẹn. A kì í so ó mọ́ ibi tí ojú wà. Òkè lọ́hùn-ún, nítòsí àjà, la ń so ó sí, okùn ẹ̀yìn rẹ̀ á gùn díẹ̀ kí orí rẹ̀ lè yọ síwájú, kó máa wo ẹni tó bá wọlé. Nígbà tí mo kọ́kọ́ dé Garland, ní Amẹ́ríkà níbí, mo fẹ́ so kàlẹ́ńdà kan kọ́ fún Kẹ́mi. Mo gbé ìṣó lé ògiri, mo lù ú lẹ́ẹ̀kan, ìṣó wọlé tán bíi pé inú búrẹ́dì ni mo kàn án sí, òun àti kàlẹ́ńdà jọ já bọ́. Mo kan ògiri náà ṣóṣó. Páálí ni, wọ́n kàn fi ọ̀dà bò ó. Mo ní kí Kẹ́mi pe ẹni tó kọ́ ilé náà. Ó rẹ́rìn-ín títí omi fi jáde lójú rẹ̀.

Ní ìjọ Àgùdà, tí ìdílé kan bá fẹ́ fi Ọkàn Mímọ́ Jésù jọba nínú ilé wọn, ọjọ́ ńlá ni. Wọ́n á gbálẹ̀, wọ́n á kun ògiri, wọ́n á pe Fadá. Fadá á bu omi mímọ́ wọ́n àwòrán náà, ìdílé á kúnlẹ̀, wọ́n á ka àdúrà. Nísàlẹ̀ àwòrán, lábẹ́ ẹsẹ̀ Jésù, wọ́n ti tẹ àwọn ìlà kan síbẹ̀. Orí ìlà yẹn ni gbogbo ará ilé á ti kọ orúkọ wọn, pé àwọn gbà, Fadá á sì kọ tirẹ̀ sí ìsàlẹ̀.

Nígbà tó kan ilé wa, ìyàwó mi se ìrẹsì, ó din ẹran. Alhaji wọ aṣọ funfun wá, ó jókòó sórí àga tó wà nítòsí ilẹ̀kùn. Èmi kọ orúkọ mi, ìyàwó mi kọ tirẹ̀, ìyá ìyàwó mi fi àtàǹpàkò tẹ tirẹ̀. Fadá ti fẹ́ gba kálàmù nígbà tí Alhaji ní, “Bọ́láńlé ńkọ́? Ṣé kì í ṣe ará ilé ni?”

Bọ́láńlé ni àkọ́bí wa, ọmọ ọdún mẹ́fà. Ọdún yẹn ló ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ̀ ọ́n kọ, kò sì sí ibi tí kì í kọ orúkọ rẹ̀ sí, títí kan gíláàsì oníbàárà mi. Fadá gbé kálàmù fún un. Ọmọ náà dọ̀bálẹ̀ lórí àwòrán, ó na ahọ́n síta, ó bẹ̀rẹ̀ sí í kọ ọ́ gàdàgbà gàdàgbà. Kó tó kọ ọ́ dé ìdajì, ìlà ti tán. Kò béèrè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Ó yí ọwọ́ padà, ó gba ẹ̀gbẹ́ gòkè, lẹ́tà tó kẹ́yìn sì bọ́ sórí aṣọ pupa Jésù. Ìyá rẹ̀ fẹ́ bínú. Fadá ní kó fi í sílẹ̀, pé kò tíì sí ẹni tó sún mọ́ Jésù tó bẹ́ẹ̀ nínú gbogbo wa. A rẹ́rìn-ín, a jẹ ìrẹsì.

Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, ibà gbé Bọ́láńlé dè, ọjọ́ mẹ́rin péré. Mi ò fẹ́ sọ ọ́ ju bẹ́ẹ̀ lọ. Oyún Kẹ́mi wà nínú ìyàwó mi nígbà náà. Láti ọjọ́ tí a ti sin ín ni gbogbo àdúgbò ò ti pè mí ní Bàbá Bọ́láńlé mọ́. Wọ́n á ní “Oníférémù” tàbí “Bọ̀ọ̀dá.” Nígbà tí a bí Kẹ́mi ni wọ́n tó ní orúkọ tí wọ́n lè pè wá, mo di Bàbá Kẹ́mi. Ìyàwó mi pàápàá, Bàbá Kẹ́mi ló ń pè mí. Ṣùgbọ́n ní àárọ̀, tó bá ti gbàdúrà tán, ó máa ń gun orí àpótí, á na ọwọ́ sókè, á fi ìka kan gíláàsì níbi tí orúkọ yẹn wà.

Ẹ wá gbọ́ ti ìjà ẹ̀sìn. Mi ò ní sọ fún yín ẹni tó bẹ̀rẹ̀ rẹ̀, torí apá kọ̀ọ̀kan ló ní tirẹ̀ tó ń sọ. Ohun tí mo mọ̀ ni pé ọjà tú láàárọ̀ ọjọ́ kan, kí oòrùn tó wọ̀ a ti ń rí èéfín ní apá odò. Láàárín ọjọ́ kejì, ìlú ti pín sí méjì. Àwọn tó ń jà ń wọ ilé, wọ́n ń wo ògiri. Ògiri ni wọ́n fi ń mọ ẹni tó ń gbé ilé.

Àwọn èèyàn bá bẹ̀rẹ̀ sí í yọ àwòrán wọn kúrò. Ìyẹn gan-an ló fẹ́ pa wọ́n. Èéfín àtùpà ti kun gbogbo ògiri wa fún ọdún pípẹ́. Tí o bá yọ àwòrán kúrò, ojú ibi tó wà á funfun báláú, gígùn rẹ̀, fífẹ̀ rẹ̀, lókè níbi tí a ń so àwòrán mímọ́ sí. Ẹni tó bá wọlé á mọ̀ pé o gbé nǹkan pamọ́, ìyẹn sì burú ju kó rí i lọ. Ohun tó kù ni pé kí nǹkan mìíràn wà níbẹ̀, tó bá a dọ́gba.

Ni wọ́n bá ń sá wá sọ́dọ̀ mi. Àwọn Àgùdà tó wà láàárín Mùsùlùmí gbé ti wọn wá, mo fi Káábà tàbí kàlẹ́ńdà sí iwájú, mo fi Jésù sí ẹ̀yìn, mo kàn án pa. Àwọn Mùsùlùmí tó wà ní apá kejì odò gbé ti wọn wá pẹ̀lú, mo fi Màríà sí iwájú, mo fi Káábà sí ẹ̀yìn. Mo ṣe é fún ọjọ́ mẹ́ta. Ẹnì kan ò bi mí bóyá ó tọ́ tàbí kò tọ́, èmi náà ò bi ara mi.

Ní ọjọ́ kẹta, Alhaji kó àwòrán Káábà méjì wá bá mi, ó ti ra wọ́n pọ̀ ní Mẹ́kà. Ọ̀kan wà nínú férémù tí mo kàn fún un tẹ́lẹ̀, gíláàsì rẹ̀ ló fọ́. Ó na èkejì sí mi. Ó ní, “Fi eléyìí bo tiyín, ọ̀nà ò dáa, ẹ máa gbé e dání tí ẹ bá ń lọ.” Pákó kan náà ni mo ti gé férémù tirẹ̀ àti èyí tí mo kàn fún ara mi. Nígbà tí mo dojú àwọn méjèèjì dé orí tábìlì, kò sí ìyàtọ̀ kankan. Mo gbé àwòrán wa, èyí tí orúkọ Bọ́láńlé wà lára rẹ̀, mo tẹ́ ẹ sẹ́yìn ọ̀kan. Ní àkókò yẹn gan-an ni àwọn èèyàn kan sáré kọjá níta, wọ́n ń pariwo pé àwọn tó ń jà ti dé. Mo kan ìṣó mọ́ méjèèjì, mo lẹ pépà kíákíá. Alhaji sáré padà wọlé láti ṣọ́ọ̀bù tirẹ̀, ó gbé èyí tó rò pé tòun ni. Èmi gbé èyí tó kù.

Lọ́jọ́ kejì, tírélà tó kó àlùbọ́sà gbé wa. Ìyàwó mi gbé Kẹ́mi pọ̀n, ó di férémù mọ́ àyà, ojú Káábà wà níta. A rí àwọn ọ̀dọ́mọkùnrin lójú ọ̀nà, àdá wà lọ́wọ́ wọn. Ọ̀kan nínú wọn gun ọkọ̀, ó wo férémù yẹn, ó wo ojú ìyàwó mi, ó ní ká máa lọ. Mo mọ ohun tí obìnrin náà ń rò, torí ó sọ ọ́ fún mi. Ó ní òun ò bẹ̀rù, pé ọwọ́ Bọ́láńlé wà láyà òun.

Ìbàdàn la ti tú u, nílé àbúrò mi. Mo yọ ìṣó, mo gbé páálí kúrò. Ẹ̀yìn Káábà ni mo rí, funfun, kò sí nǹkan mìíràn. Mo tún yẹ páálí wò. Mo gbọn ọ́n. Ìyàwó mi ò sunkún. Ó kàn bi mí pé, “Níbo ló wà?” Nígbà tó ṣe, a gbọ́ pé wọ́n ti jó òpópónà Alhaji àti tiwa pọ̀, pé kò mú nǹkan kan jáde. Fóònù ò sí, a ò mọ ibi tó forí lé. Fọ́tò kan ṣoṣo tí Bọ́láńlé yà láyé, inú ilé ló jóná sí. Bí ohun gbogbo tí ọmọ yẹn fi sílẹ̀ ṣe tán nìyẹn, èmi ni mo sì fi ọwọ́ ara mi tò ó sí ibi tí kò yẹ. Ó dùn mí. Ó ju ọgbọ̀n ọdún lọ báyìí, ojoojúmọ́ ló ń dùn mí.

Ìyá yín àgbà ò fi bú mi rí. Ó kàn ní orúkọ tó ń pe àwòrán náà: “èyí tí ẹ sọ nù.” Ẹ̀yin náà mọ̀ ọ́n, ẹ ti gbọ́ ọ títí. Tí mo bá wá kọ́kọ́rọ́ tì nínú ilé yìí, á ní, “Ó ti lọ bá èyí tí ẹ sọ nù.” Tí mo bá wá ìgò ojú mi tì, ohun kan náà. Ó ń fi rẹ́rìn-ín, èmi náà ń rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n kò sí ìgbà kan tó sọ ọ́ tí kò gún mi.

Ní ìgbà òtútù tó kọjá, mo wà nínú ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ti ń ta oúnjẹ wa ní Garland níbí, mo ń bá ẹni tó ń ta iṣu jiyàn pé iṣu rẹ̀ ti gbẹ. Ọkùnrin kan dọ̀bálẹ̀ lẹ́yìn mi. Ó ní, “Ẹ jọ̀ọ́, sà, ohùn yín ni mo gbọ́. Ṣé ẹ ò gbé Kàdúná rí? Ṣé ẹ̀yin kọ́ lẹ ń kan férémù?” Ràsákì ni, ọmọ Alhaji. Irùngbọ̀n rẹ̀ ti ń funfun. Ilé ìkẹ́rùsí kan ní Coppell ló ti ń ṣiṣẹ́, ó sì wà lára àwọn tó ń bójú tó mọ́ṣáláṣí wọn. Ó ní bàbá òun ti kú ní Ìlọrin, ó pé ọdún méjì. A di ara wa mú níwájú iṣu.

Ó pè wá wá jẹun ní Little Elm, níbi tí ilé rẹ̀ wà, tí ẹ lè ti ojú fèrèsé rí omi. Kẹ́mi wà wá lọ, fíríwèé, ọ̀nà ńlá wọn, kún fún mọ́tò, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ gbà wá ní wákàtí kan. Ìyàwó mi lọ bá ìyàwó Ràsákì nínú kíṣìnì. Èmi jókòó ní pálọ̀, mo gbé ojú sókè. Nítòsí àjà lọ́hùn-ún, orí rẹ̀ yọ síwájú, Káábà ló wà níbẹ̀. Nítorí pé ó yọ síwájú, mo rí ẹ̀yìn rẹ̀ láti ẹ̀gbẹ́. Mo rí agolo mílíìkì ní igun rẹ̀, onígun mẹ́ta.

Ràsákì rí i pé mò ń wò ó. Ó ní, “Ohun kan ṣoṣo tí bàbá mi gbé jáde nínú iná nìyẹn, sà. Wọn ò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fọwọ́ kàn án, àwọn fúnra wọn ló ń nù ún. Ọwọ́ ni mo fi gbé e wọ bàálù. Apá ibẹ̀ yẹn ni mo sì ń kọjú sí kírun.”

Mo ní ó dáa. Mo jẹun. A wá sílé. Mi ò sọ fún ẹnikẹ́ni fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Ẹ bá mi rò ó wò. Bí mo bá dákẹ́, ọwọ́ ọmọ mi lè wà níbẹ̀, kí ìyá rẹ̀ sì kú láìrí i. Bí mo bá sọ̀rọ̀, màá sọ fún ọmọlúwàbí kan, tó ń ṣọ̀fọ̀ bàbá rẹ̀, pé àwòrán Jésù ló wà lẹ́yìn ibi tí bàbá rẹ̀ àti òun ti ń kọjú sí kírun láti gbogbo ọdún yìí wá. Tí mo bá sì sọ ọ́ tán tí kò sí nǹkan kan níbẹ̀ ńkọ́? Alhaji lè ti tú u, kó sì ti jó o. Kò ní jẹ́ ẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀.

Ìyàwó mi ni mo kọ́kọ́ sọ fún, ibi tó ti ń ṣa ẹ̀wà. Ọwọ́ rẹ̀ dúró. Ó ní, “Ẹ fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ẹ má ba bàbá onítọ̀hún jẹ́ mọ́ ọn lọ́wọ́.” Ó ń ṣa ẹ̀wà náà lọ. Ó sè é, ó bù ú fún wa, kò jẹ nínú rẹ̀. Lọ́jọ́ kejì náà, kò jẹun. Ní ọjọ́ kẹta ni mo ní kí Kẹ́mi bá mi pe Ràsákì.

Ó gba ọ̀dọ̀ wa kọjá nígbà tó kúrò níbi iṣẹ́. Mo sọ ọ́ fún un bí mo ṣe ń sọ ọ́ fún yín yìí. Ó wo ilẹ̀. Ó ní, “Bàbá, ṣé ẹ mọ ohun tí ẹ ń sọ?” Mo ní mo mọ̀ ọ́n. Ó ní, “Bàbá mi ò lè mọ̀ kí wọ́n fi í sílẹ̀ síbẹ̀.” Mo ní ó lè jẹ́ pé kò mọ̀. Ó dìde, kò mu omi tí ìyàwó mi gbé fún un. Nígbà tó dé ẹnu ọ̀nà, ó ní, “Ẹ wá ní Sátidé. Ẹ̀yin lẹ kàn án, ẹ̀yin lẹ máa tú u. Tí kò bá sí níbẹ̀, sà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má sọ ọ́ mọ́ láéláé.” Mo ní mo gbà.

Mo mú ẹ̀mú mi dání. Kẹ́mi ti fi ẹ̀mú yẹn ṣe mí ní yẹ̀yẹ́ tó nígbà tí mo gbé e wá sí Amẹ́ríkà. Ràsákì tẹ́ táwẹ́ẹ̀lì sórí tábìlì, ó ní Bísímílàhì, ó gbé férémù náà sọ̀ kalẹ̀, ó dojú rẹ̀ dé. Mo rí i lójú kan náà pé ẹlòmíràn ti ṣí i. Pépà tí mo lẹ̀ kò sí níbẹ̀ mọ́. Aṣọ kákí ló wà ní ipò rẹ̀, wọ́n ti ṣẹ́ etí rẹ̀ fínnífínní, wọ́n sì ti dá ìṣó mi padà sójú ihò rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Mo wo Ràsákì. Ó ti fọwọ́ lé etí aṣọ náà.

Mo yọ ìṣó. Mo gbé kákí kúrò, mo gbé páálí kúrò. Àpò funfun kan ló wà láàárín páálí àti Káábà, sátíìnì tí wọ́n máa ń fi ṣe inú aṣọ ńlá, wọ́n ti rán an pa yíká. Ràsákì fi ìka tọ ojú ìránṣọ náà láti igun kan dé èkejì. Ó ní, “Ọwọ́ bàbá mi rèé. Wọ́n máa ń lọ́ òwú lẹ́ẹ̀mejì tí wọ́n bá dé igun.” Ohùn rẹ̀ yí padà. Ó ní kí n má fi ọ̀bẹ gé e. Abẹ́rẹ́ ló lọ mú, ó ń tú u díẹ̀díẹ̀, ẹ̀gbẹ́ kan ṣoṣo, a sì dúró tì í.

Àwòrán náà pọ́n bí ẹ ṣe ń rí i yìí. Ìyàwó mi ò wo Jésù, kí Ó dárí jì í. Ìsàlẹ̀ ló wò. Orúkọ mi wà níbẹ̀, orúkọ tirẹ̀, àtàǹpàkò ìyá rẹ̀. Orúkọ Bọ́láńlé wà níbẹ̀, gàdàgbà gàdàgbà, ó kọjá ìlà, ó gba ẹ̀gbẹ́ gòkè, lẹ́tà tó kẹ́yìn wà lórí aṣọ pupa. Ìyàwó mi gbé ìka lé e. Kò sí gíláàsì lórí rẹ̀ lọ́tẹ̀ yìí. Ó fi ìka tẹ̀ lé e láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, ó tún padà sí ìbẹ̀rẹ̀. Ẹkún tí kò sun ní Ìbàdàn, ibẹ̀ ló ti sun ún.

Ní ìlú yẹn, lọ́dún yẹn, tí wọ́n bá bá àwòrán yẹn lọ́wọ́ Alhaji, wọn ò ní bi í lẹ́ẹ̀mejì. Ó mọ̀ bẹ́ẹ̀. Kò pọn dandan kó fọwọ́ ara rẹ̀ jó o, tó bá ṣáà ti fi í sílẹ̀ nínú ilé, iná á jó o. Ràsákì ní, “Wọ́n mọ̀ pé ó wà níbẹ̀. Wọ́n rán aṣọ sí i kí ọ̀kan má fara kan ìkejì.” Mo ní bẹ́ẹ̀ ló rí. Ó ní ká máa gbé àwòrán wa lọ, ṣùgbọ́n kí n jọ̀wọ́ fi àpò sátíìnì náà sílẹ̀ fún òun. Mo tẹ́ ẹ padà sẹ́yìn Káábà, mo dá páálí àti kákí padà, mo fi àwọn ìṣó àtijọ́ yẹn náà kàn án. Òun fúnra rẹ̀ ló gbé e kọ́, ó fà á síwájú díẹ̀ kí orí rẹ̀ lè yọ bó ṣe wà. Iṣẹ́ férémù tí mo ṣe kẹ́yìn láyé nìyẹn. Mi ò rò pé ẹnikẹ́ni tún máa ní kí n kan òmíràn.

Ìdí tó fi pọ́n nìyẹn, Túnjí, ìdí sì nìyẹn tí mi ò fi ní jẹ́ kí ìyá rẹ ra tuntun. Ẹ lè sún mọ́ ọn wò ó, ẹ kàn má fi ọwọ́ tó ní òróró kàn án. Ẹ ò rí i bí ọmọ yẹn ṣe ń lọ? Túnjí ń bi ìyá rẹ̀ àgbà ní Gẹ̀ẹ́sì, nínú kíṣìnì lọ́hùn-ún, pé ṣé “èyí tí ẹ sọ nù” tí wọ́n máa ń wí gan-an nìyẹn. Ẹ dákẹ́, ẹ jẹ́ ká gbọ́ ohun tó máa sọ.

Ẹ gbọ́ ọ?

Ó ní, “Ta ló sọ bẹ́ẹ̀ fún ẹ? Bàbá Bọ́láńlé ò sọ nǹkan kan nù. Alhaji ló gbé e fún, kó bá wa tọ́jú ẹ̀.”